Ogójì ọdún lórí ọ̀rọ̀ iná: kí ni ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ń wá?

Ọ̀gá Sítóòfù Táíwò

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ fara balẹ̀ fún mi, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀.

Sítóòfù gáàsì ni mo ń tún ṣe ní Táíwò, ní Ìlọrin níbí. Ọdún 21 rèé. Mi ò ka ìwé kọjá girama. Àbúrò mi tó tẹ̀lé mi lọ́mú ló gbé gbogbo ìwé ilé wa kà. Ó ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú ẹnjiníà, ó ti gba ìkejì, wọ́n sì ti gbà á ní òkè òkun láti lọ gba ti ọ̀mọ̀wé. Wọ́n á máa san owó oṣù fún un níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó físà, owó ọkọ̀ òfúrufú, owó tí yóò fi gbọ́ bùkátà kí oṣù àkọ́kọ́ tó pé, ọrùn èmi ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo ní pílọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan lọ́nà Ẹyẹńkọrin. Òun ni mo fẹ́ tà.

Kí n tó tà á, mo ní kó jókòó, kó sọ ohun tó fẹ́ lọ kọ́ fún mi. Ó ní iná. Mo ní iná wo? Ó ní bí iná ṣe ń jó nínú afẹ́fẹ́ tó ń dàrú. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ohun tí mò ń fi abẹ́rẹ́ tún ṣe lójoojúmọ́ ni ìwọ fẹ́ wọ bàálù lọ kọ́?

Ló bá gbé ìwé kan sórí tábìlì mi, ó ki bíi búlọ́ọ̀kù. Ó ní ẹni tó kọ ọ́ ni òun fẹ́ fi ayé òun jọ, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Stephen Pope. Ó ṣí iṣẹ́ ọkùnrin náà fún mi lórí fóònù. Mo ń fi àtàǹpàkò wọ́ ọ sókè, kò tán. 1975, rúkèrúdò, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń dàrú. 1985, iná nínú rúkèrúdò. 1997, iná. 2000, iná. Ó ṣì ń lọ síwájú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ogójì ọdún!

Ìbéèrè mi rèé: kí ló sọnù sínú iná tí odidi àgbàlagbà fi wá a fún ogójì ọdún? Ṣé iṣẹ́ ni, àbí eré àwọn tó ti yó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìṣirò lù mí. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ fún ẹni tó ń fọwọ́ kan bọ́ná.

Àdìsá Ọjà-Ọba

Ìyá mi ti ń dín àkàrà lẹ́yìn Ọjà-Ọba kí wọ́n tó bí mi. Iná ló ń wò láràárọ̀, èéfín ń wò ó padà. Ta ló fi jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n? Ọ̀gá, ẹ má ta ilẹ̀ o. Ilẹ̀ Ẹyẹńkọrin ń gbówó lórí.

Bàbá Láàbù Ọ̀fà

Àdìsá, a ti gbọ́ tìrẹ.

Ọ̀gá Sítóòfù, mi ò ní dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ti iná ni mo mọ̀ ọ́n sọ. Ọdún 32 ni mo fi bá àwọn ọmọ ẹnjiníà tọ́jú ẹ̀rọ ní láàbù kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Ọ̀fà, ẹ́ńjìnnì tí mo tú palẹ̀ tí mo tún tò kò lóǹkà.

Kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná. Bí wọ́n bá gbé sítóòfù wá, tí iná rẹ̀ ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó ń kun ìdí ìkòkò ní dúdú, ibo lo máa ń wò? Mo mọ̀ pé ojú ihò tó ń fa afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀ bọ́ná ni wàá lọ, bóyá aláǹtakùn ti sọ ibẹ̀ di ilé. Wàá nù ún, iná á di búlúù, wàá gbowó. Ó tán, o ti mọ ìdá kan nínú ohun tí àbúrò rẹ fẹ́ lọ kọ́. Gáàsì kò lè jó àfi kí afẹ́fẹ́ bá a pò. Bí wọ́n bá ti pò kí wọ́n tó débi iná, iná á mọ́. Bó bá jẹ́ pé ibi iná gan-an ni gáàsì ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá afẹ́fẹ́ kiri, á pọ́n, á sì yọ èéfín dúdú.

Ìdá kejì: iná ní ìrìn tirẹ̀. Bí gáàsì ìdáná bá pò mọ́ afẹ́fẹ́ dáadáa, tí ohun gbogbo sì dúró jẹ́ẹ́, nǹkan bíi 40 sẹ̀ǹtímítà ni iná ń rìn nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò tó ìrìn ọmọ tí wọ́n rán lọ ra iyọ̀ tí kò fẹ́ lọ. Bí gáàsì bá ń tú jáde ju ìrìn iná lọ, iná á ká ẹsẹ̀ kúrò lórí bọ́ná, á máa hó fùù, á kú. Bó bá ń jáde lọ́ra jù, iná á sá wọ inú bọ́ná padà, pọ̀ọ̀! Mo mọ̀ pé ojú rẹ ti rí ìyẹn.

Ó yá, wá wo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Kí a ní ó ń yí ní 3,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ni pé ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá ló fi ń yí ẹ̀ẹ̀kan. Láti ibi tí púlọ́ọ̀gì ti ṣáná dé ògiri sìlíńdà, kí a pè é ní sẹ̀ǹtímítà 4. Bó bá jẹ́ ìrìn 40 yẹn ni iná ń rìn, ìdá kan nínú 10 ìṣẹ́jú àáyá ni yóò gbà kó tó débẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ti yí ẹ̀ẹ̀marùn-ún nígbà yẹn! Epo tí kò jó ni ì bá máa tú sínú sàlẹ́ńsà. Lóòótọ́, ooru inú sìlíńdà máa ń mú iná yá ẹsẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò lè gbà wá.

Ohun tó ń gbà wá ni rúkèrúdò. Afẹ́fẹ́ tó ń ya wọlé lẹ́nu fáàfù ń lọ́, ń pòyì, ń ká ara rẹ̀ kò, ó sì ń ká iná kò pẹ̀lú bí aṣọ tí alágbàfọ̀ ń fún omi rẹ̀. Ojú iná tí ì bá tẹ́ pẹrẹsẹ á di híhunjọ. Aṣọ tó hunjọ sínú àpò kékeré, bí o bá tẹ́ ẹ, á kún yàrá. Bẹ́ẹ̀ ni ojú iná ṣe ń pọ̀ sí i tó fi ń jẹ gáàsì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ará Jámánì kan, Damköhler, ti sọ èyí láti 1940. Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré sí i ni rúkèrúdò inú rẹ̀ ń le sí i, tí iná fi ń bá a sáré. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí mọ́tò tí ì bá gun òkè kankan láti Ajásẹ́ dé Òmù-Àrán.

Ìṣòro wá ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ tẹ́lẹ̀ ibi tí rúkèrúdò máa yà sí. Ṣí ẹ̀rọ omi ilé rẹ díẹ̀, wàá rí i tó ń ṣàn bíi gíláàsì. Ṣí i gan-an, á dàrú. Osborne Reynolds wo irú rẹ̀ ní Manchester ní 1883: ó jẹ́ kí aró tín-ín-rín kan máa bá omi lọ nínú ọ̀pá gíláàsì. Nígbà tí omi ń lọ pẹ̀lẹ́, aró náà lọ tààrà bí òwú. Nígbà tó yára, òwú já, aró fọ́n káàkiri. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní ni wọ́n ti ń bá a fà á.

Ìyá tó bí ìyá mi, alámọ̀kòkò ni, ní Dada lọ́dọ̀ yín ní Ìlọrin níbẹ̀. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ìkòkò, wọ́n á to igi àti koríko bò ó. Kí ìyá yìí tó ṣáná, á bu erùpẹ̀ lọ́wọ́, á jẹ́ kó máa já bọ́ díẹ̀díẹ̀, á máa wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á jókòó. Mo ti rí i tó jókòó láti ìrọ̀lẹ́ títí wọ́n fi pe ìrun alẹ́. Síbẹ̀, ìkòkò méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn nínú iná kan náà, ọ̀kan á jáde ní pupa foo, èkejì á ní àbàwọ́n dúdú kan ní ìhà, níbi tí èéfín ti jókòó lé e tí afẹ́fẹ́ kò dé. Mo bi í pé kí ló fà á. Ó ní, "Iná ò bá gbogbo wọn sọ ọ̀rọ̀ kan náà." Mi ò tíì rí ẹnjiníà tó sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gá Sítóòfù Táíwò

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ó wọ̀ mí létí. Pọ̀ọ̀ tí ẹ wí yẹn, irun ìpéǹpéjú mi méjèèjì ló bá a lọ lọ́jọ́ kan, oníbàárà rò pé mo fá a ni.

Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì kan ọ̀jọ̀gbọ́n àbúrò mi. A ti gbà pé afẹ́fẹ́ ń dàrú. Ibì kan gbóná, ibì kan tutù. Kí ló dé tí wọn ò ṣe kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n pín in dọ́gba, kí wọ́n máa lọ sùn?

Ọmọ Ọ̀rọ̀ ní Jámánì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè tí ẹ béèrè yẹn gan-an ni wọn ò fi rí oorun sùn.

Ọmọ ìlú Ọ̀rọ̀ ni mí, iṣẹ́ iná orí kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe níbí. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí agbada ìyá mi. Bí màmá bá yan gààrí, tí ìdajì jó, tí ìdajì kò jinná, ṣé ó lè gbé e lọ ọjà kó sọ pé, ẹ pín in dọ́gba, ó yan dáadáa? Wọ́n á dà á lé e lórí! Èyí tó jó ti jó. Èyí tó tutù ṣì tutù. Gààrí tó yan dáadáa tí ìpíndọ́gba ń sọ, kò sí hóró rẹ̀ kan nínú agbada.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iná. Gáàsì olóró kan wà tó ń ti inú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ jáde bí iná bá gbóná jù, NO ni wọ́n ń kọ ọ́. Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde rárá bí ìgbóná kò bá tó nǹkan bíi 1,500 dígírì Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá ibẹ̀, fíìfíì ni. Ẹ jẹ́ ká ní ìdajì afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì wà ní 300, ìdajì wà ní 1,900. Ẹ pín in dọ́gba: 1,100. Kọ̀ǹpútà á ní kò séwu, kò sí olóró. Irọ́ ni. Ìdajì tó wà ní 1,900 ti ń tu ú jáde.

Ọ̀gbẹ́ni Pope gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Imperial College ní London ní 1976. Ibẹ̀ náà ni Brian Spalding wà, àgbà kan tó ti sọ ní 1971 pé kí a má da ara wa láàmú: iná yára, pípò ló ń lọ́ra, nítorí náà bí pípò bá ṣe yá sí ni kí a gbà pé iná yá sí. Ọgbọ́n ńlá ni, àwọn ilé iṣẹ́ sì lò ó gan-an. Àbùkù rẹ̀ ni pé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ ìgbà tí iná máa kú. Gbogbo ibi tí gáàsì àti afẹ́fẹ́ bá ti pàdé, ó gbà pé iná wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ṣáà ti rí iná tó fò lórí bọ́ná.

Ohun tí Pope dì mú ni pé kí a má pín ohunkóhun dọ́gba kó tó jó. Kí a da ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró sínú kọ̀ǹpútà, kí hóró kọ̀ọ̀kan ní ìgbóná tirẹ̀ àti gáàsì tirẹ̀, kí a jẹ́ kí rúkèrúdò máa gbé e kiri, kí oníkálukú jó bó ṣe yẹ kó jó. Bí gbogbo wọn bá jó tán, ẹ lè wá kà wọ́n: mélòó ló gbóná, mélòó ló tutù, mélòó ló kú. Ìkòkò pupa àti ìkòkò dúdú tí Bàbá wí, méjèèjì á wà nínú ìṣirò náà. PDF ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí. Kì í ṣe PDF orí fóònù yín o, mo mọ̀ pé Àdìsá máa béèrè. Ó kó lọ sí Cornell ní Amẹ́ríkà ní 1982, ó sì kọ èyí tó gùn jù lórí rẹ̀ jáde ní 1985.

Àfi bí owó iná NEPA. Ọ̀nà náà dára, ó sì wọ́n. Gáàsì tó rọrùn gan-an, methane, ìwé ìṣirò tí gbogbo wa ń lò fún un ka oríṣi èròjà 53 àti ọ̀nà 325 tí wọ́n fi ń para pọ̀ tí wọ́n sì ń tú ká. Kí hóró kan ṣe gbogbo èyí, kó tún un ṣe, kó tún un ṣe, níye ìgbà tí kọ̀ǹpútà fi máa gbóná bí ààrò. Ní 1997 ó gbé ọgbọ́n kan jáde tí mo fẹ́ràn ju gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ wo ìyá oníràìsì kan ní Ìpàtà. Ẹ ní kó wọn kóńgò mẹ́ta ààbọ̀. Ó ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kọ ọ́ mọ́ páálí. Ẹni tó dé tẹ̀lé e tó fẹ́ ohun tó fara jọ ọ́, á wo páálí, á fi díẹ̀ kún un. Àfi ẹni tó bá béèrè ohun tó jìnnà réré ni yóò tún tìtorí rẹ̀ ṣírò, á sì tún kọ ìyẹn náà sí i. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣe báyìí, ó lè yá ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Ẹ kà á, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta di ti ọjọ́ kan.

Báwo la ṣe mọ̀ pé òótọ́ ló ń wí? Ilé ìwádìí Sandia ní Kalifóníà tan iná kan tí gbogbo wa mọ̀ bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Ihò tó ń tú jáde fẹ̀ ní mìlímítà 7.2, kò ju ìdí báírò lọ. Ìdá kan methane, ìdá mẹ́ta afẹ́fẹ́. Iná wẹ́wẹ́ yí i ká lẹ́nu kó má báa fò lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní D ń jáde ní 49.6 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. E yára jù ú. F yára débi pé ó kù díẹ̀ kó kú pátá: ibì kan á kú, yóò tún gbaná lára ẹnìkejì rẹ̀, ibòmíràn á kú. Wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ lésà wọn ìgbóná àti gáàsì inú rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Láti 1996 ni wọ́n sì ti ń ṣe ìpàdé, ní Naples ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, oníkálukú á gbé ìṣirò rẹ̀ wá, wọ́n á tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí lésà rí. Kò síbi tí èèyàn máa sá sí. Ní 2000, Pope àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan gbé ti D, E àti F wá, ìṣirò wọn sì rí ibi tí iná ti ń kú tó tún ń jí. Ìyẹn ni àbúrò yín ń wò tó fi ń gbé ìwé kiri.

Kí n má fi pamọ́, kì í ṣe òun nìkan ló ní agbo. Norbert Peters ní Aachen níbí ní tirẹ̀ wò ó pé àwọn awẹ́ iná fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni rúkèrúdò ń gbé kiri, kí a ṣírò awẹ́ kan dáadáa, kí a fi wọ́n dá gbogbo iná padà. Agbo tèmi nìyẹn. Ẹ má sọ fún àbúrò yín.

Ní ti oúnjẹ: àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì bàálù, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú iná mànàmáná wá, ọ̀dọ̀ wọn ni iṣẹ́ wà. Ti Jẹ́bbà wa, omi ló ń yí i. Ti Geregu àti Ọlọ́runṣògo, gáàsì ni. Ní báyìí háídírójìn ni gbogbo wọn ń lé, ìrìn iná tirẹ̀ sì ju mítà 2 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, nígbà tí tiyín jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà. Pọ̀ọ̀ tó gba irun ojú yín, òun ni wọ́n ń sá fún nínú ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ṣùgbọ́n n ò ní parọ́ fún yín, iṣẹ́ yìí kì í fẹ́ jẹ́ kéèyàn padà sílé bọ̀rọ̀. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti jẹ wàrà gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo sì ń lò láti jókòó ti kọ̀ǹpútà tó ti fọ́jú mọ́ mi láàárín òru, tí n kò mọ nọ́ńbà tó ṣẹ̀ mí.

Àdìsá Ọjà-Ọba

Mo fẹ́ béèrè PDF lóòótọ́. Ẹ̀yin ẹlẹ́gbin.

Ọ̀gá, mo yí ohùn mi padà. Ẹ tà á. Ṣùgbọ́n èmi ni kẹ́ ẹ tà á fún.

Ọ̀gá Sítóòfù Táíwò

Bàbá Ọ̀fà, ẹ kú àgbà. Àbúrò mi ọmọ Ọ̀rọ̀, Ọlọ́run á mú ọ délé wá jẹ wàrà.

Lálẹ́ àná wọ́n mú iná lọ. Mo pe ọmọ yìí wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo gbé bọ́ná kan tí oníbàárà kan ní kì í dúró síwájú rẹ̀. Ihò ẹnu rẹ̀ kò tó mìlímítà kan, mo ti ń rò ó mọ́ 7.2 tí ẹ wí. Mo ṣí gáàsì sí i díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn. Iná ká ẹsẹ̀ sókè ní ihò mẹ́ta lápá òsì, ó kú, ó tún gbaná lára ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tún kú. Ọdún 21, mo máa ń pè é ní "iná òpònú" ni, màá gún un ní abẹ́rẹ́, màá gbàgbé. Mo ní, "Ṣé èyí náà ni F?" Ọmọ náà wò mí bí ẹni tó rí iwin. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ojú tì í, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ti ilẹ̀kùn, mo kó irinṣẹ́, ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì ni màá tà. Àdìsá, pè mí. Gáàsì kílò 3 tó wò tán lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ti kọ ọ́ mọ́ gbèsè rẹ̀.